Ìjókòó Kan Ṣoṣo Lọ sí Kúsíkò

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìrìn-àjò kan ní Airport Road, ní ìlú Benin. Motọ́lání Adékọ́lá ló ṣí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà náà sọ pé nínú gbogbo àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa orílẹ̀-èdè Pérù lọ́dún náà, ọ́fíìsì wọn ló gba máàkì tó ga jù lọ, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni ìrìn-àjò ọ̀fẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin àwọn olówó, láti ìlú Púnò létí adágún ńlá kan, gba àárín àwọn òkè, títí dé ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kúsíkò. Ìjókòó kan ṣoṣo ni. Orúkọ tó wà lórí ìjókòó náà ni Ọlátúnjí Ọláoyè.

Motọ́lání ló ka ẹ̀kọ́ náà, mẹ́rìnlá gbáko. Ọlátúnjí Ọláoyè, ọ̀gá rẹ̀, kò ka ẹyọ kan.

Jíbọ́lá, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wò ó. "Àǹtí Motọ́, kí ló dé? Ṣé wọ́n tún ti fagi lé báàlù ni?"

"Mo yege."

"Ṣé tìtorí yíyege lẹ ṣe fajú ro báyìí? Bẹ́ ẹ bá wá fìdí rẹmi ńkọ́?"

Motọ́lání yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tún wo orúkọ náà, bóyá yóò yí padà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòro fún ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá láti lóye. Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú, ó lọ sí yàrá ọmọ rẹ̀, Ìrètíolúwa, ní Ekosodin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, nítorí pé íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yára ju ti ilé tirẹ̀ lọ. Wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ìlà méjì ló wà fún orúkọ. Ó tẹ orúkọ ọ̀gá sí ìlà àkọ́kọ́, ó tẹ tirẹ̀ sí ìkejì.

"Mummy, wait," ni Ìrètí wí. "Na you wan read the thing. Why Uncle name dey for top?"

"Ìwé kan kì í jáde lọ́fíìsì wa kí orúkọ ọ̀gá má ṣáájú. Ṣé kí n wá gbé tèmi ka orí ti àgbàlagbà ni?"

"But the form no sabi who be àgbà."

"Wọ́n á rí tèmi nísàlẹ̀."

"Dem go see am o. Dem no go send am."

"Jẹ́ n ráyè, jàre."

Ìlà kejì náà, ẹni tí wọ́n lè pè bí wọn kò bá rí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Motọ́lání, tí kì í fo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, fo ìyẹn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí orúkọ ọ̀gá máa ń wà kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ sí Dùbáì, Lọ́ńdọ̀nù àti Jerúsálẹ́mù. Báàlù máa ń kọjá lórí páànù ọ́fíìsì náà tariwo-tariwo débi tí wọ́n fi máa ń dákẹ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi lọ tán. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ báàlù rí. Kò sì wọ ọkọ̀ ojú irin rí, nítorí pé kò sí ojú irin ní ìlú Benin. Ó ní ìwé ìrìnnà kan tí ó gbà lọ́dún 2016, tí kò sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀, tí ó sì tún tuntun rẹ̀ gbà nígbà tí ọjọ́ ti àkọ́kọ́ pé, kí ó má bàa jẹ́ pé àǹfààní dé kí ìwé má sí.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ń wù ú láti rí. Kúsíkò ni. Ọdún 2002 ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, òun ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yìí kan náà láàárọ̀, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nínú kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kan nítòsí àdúgbò Ogbe. Àga ibẹ̀ kéré débi pé orúnkún àwọn àgbà máa ń kan tábìlì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, òjò rọ̀, iná lọ, àwọn mẹ́rin péré ló wá. Olùkọ́ wọn nínú jọ́gíráfì, Ọ̀gbẹ́ni Ìbráhìm, kò lé wọn lọ sílé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ewé kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Àwòrán ògiri ló wà lórí rẹ̀, àwọn òkúta ńlá tí wọ́n gbẹ́ wọ ara wọn láìsí símẹ́ńtì, láìsí amọ̀. Òkúta kan wà láàárín tí igun rẹ̀ jẹ́ méjìlá, tí òkúta mìíràn sì wọ igun kọ̀ọ̀kan wẹ́kú.

"Ẹ kà á," ni Ọ̀gbẹ́ni Ìbráhìm wí. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò kánjú."

Ó sọ fún wọn pé àwọn ará Sípéènì wá kó wúrà ìlú náà lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá kó idẹ ààfin Benin lọ lọ́dún 1897, níbi tí kò jìnnà sí àga tí wọ́n jókòó sí. Ó ní àwọn ará Sípéènì náà kọ́ ilé tuntun lé orí ògiri àtijọ́ náà. Ilẹ̀ mì, ilé tuntun wó, ògiri dúró. Nígbà tí Motọ́lání gba ipò kìíní nínú jọ́gíráfì, kò sí nǹkan mìíràn tí olùkọ́ náà ní láti fi ta á lọ́rẹ. Ó fún un ní ewé kàlẹ́ńdà náà. Ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún 2011, tí omi òjò wọlé dé ìbàdí, tí ó sì kó o lọ pẹ̀lú bàtà méjì àti ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ọmọ rẹ̀.

Ọlátúnjí Ọláoyè dé ní ọ̀sán. Díákónì ni ní ìjọ wọn, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, bí Motọ́lání náà ṣe jẹ́. Lọ́dún 2006 tí Motọ́lání mú èsì ìdánwò rẹ̀ wá fún un pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ọkùnrin yìí ka èsì náà, ó tọ́ka sí tábìlì kan, ó ní, "Sún àga síbẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Kò gbàgbé ìyẹn náà. Kì í ṣe ìyà nìkan ló máa ń rántí.

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kúsíkò! Èmi, ọmọ Ọláoyè! Jíbọ́lá, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kú oríire," ni Jíbọ́lá wí, ojú rẹ̀ sì wà lára Motọ́lání.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Motọ́lání wí, "àṣìṣe ló wà nínú orúkọ. Wọ́n ní bí àtúnṣe bá wà, kí ọ̀gá ọ́fíìsì kọ ìlà kan kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó lù. Ìlà kan péré ni. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ fọwọ́ sí i ló kù."

Ọ̀gá kò wo bébà tó nà sí i. "Motọ́, ta ló gbé ọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Jẹnẹrétọ̀ ta lò ń lò?"

"Tiyín ni, sà."

"Kí wá ni ìyàtọ̀? Èmi lọ, ìwọ lọ, ọ́fíìsì kan náà ló lọ."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sà, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì fi ẹsẹ̀ tèmi lọ."

Ikọ́ gbé Jíbọ́lá, tàbí ẹ̀rín tí ó sọ di ikọ́. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "O ti ń gbó mi lẹ́nu báyìí? Èmi Túnjí? Ọdún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa lọ. Mo ti sọ ọ́."

"Ọ́fíìsì tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan kò lè gbà á mọ́, sà. Ó wà nínú òfin wọn, ìlà keje."

"Ìwọ náà sì mọ òfin jù," ni ọ̀gá wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, bébà náà wà lórí tábìlì ọ̀gá láti aago mẹ́jọ. Motọ́lání gbé bírò lé e lórí. Ní aago mọ́kànlá, ó wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀gá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó dúró. Nígbà tí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọ̀gá sọ fóònù kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí lo wí?"

"Kò sí mọ́, sà."

Ìyà tó tẹ̀ lé e, Motọ́lání lè kà á bí ẹni ń ka oṣù. Òun ni ọ̀gá ní kó gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún òun. Òun ló wá báàlù, tó yan ìjókòó létí fèrèsé, tó kọ irú aṣọ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mú dání nítorí òtútù orí òkè. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó lọ, ọ̀gá pè é. "Motọ́, kọ ojú ìwé méjì fún mi nípa ibẹ̀. Kí n má lọ dà bí òpè láàárín àwọn òyìnbó." Inú bí i, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ìwé tí kò péye. Ó kọ ohun gbogbo sí i. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò náà, èyí tó béèrè ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fẹ́ rí Kúsíkò, wà nínú fáìlì kan náà. Ọ̀gá tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ó fi í sápò.

Ní oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ náà gbéra ní Púnò. Ìlú Benin fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ibẹ̀, nítorí náà ọ̀sán ni Motọ́lání wà nígbà tí àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ ọ̀gá. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwòrán wọlé: tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, fìtílà kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àga onítìmùtìmù tí ènìyàn lè sùn sí. Àwòrán ọ̀gá nídìí kọ́ọ̀ṣì tó gbẹ̀yìn lára ọkọ̀ náà, níbi tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri rẹ̀, tí ojú irin ń sá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olórin nínú aṣọ pupa. Pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn ẹran onírun ńlá tó dúró lójú òtútù, òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀. Obìnrin kan dúró létí ojú irin pẹ̀lú fìlà ribiti, ó fi aṣọ aláràbarà pọn ọmọ. Ọ̀gá kò ya ìyẹn nítorí obìnrin náà. Àtàǹpàkò tirẹ̀ àti agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló kún àwòrán náà. Motọ́lání ló fẹ̀ ẹ́ tó fi rí ọmọ náà.

Ohùn ọ̀gá tẹ̀ lé e. "Motọ́, ọkọ̀ dúró. Ibo la wà yìí?"

"Láráyà ni, sà. Ibẹ̀ ló ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà náà. Ẹ má sáré, ẹ má sì jẹun púpọ̀."

"Mo ti jẹun. Orí ń fọ́ mi. Kí ni orúkọ òkè tí mo ń wò yìí? Òyìnbó kan ń bi mí."

Ó sọ orúkọ òkè náà fún un. Ó sọ orúkọ ẹran náà. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní tíì ewé níbẹ̀, pé ó ń dín orí fífọ́ orí òkè kù. Láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ ní Airport Road ló ti ń mú ọkùnrin náà rìn bí ẹni ń fa afọ́jú lọ́wọ́. Jíbọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ pa fóònù yẹn. Kó lọ bi ẹni tó ń ta dùùrù fún wọn."

"Bí mo bá pa á, n kò ní rí i," ni Motọ́lání wí.

Nígbà tí ọ̀gá dé Kúsíkò, Motọ́lání kọ̀wé sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Òkúta onígun méjìlá wà ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí hòtẹ́ẹ̀lì yín, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ yà á fún mi, kí n lè mọ̀ pé ẹni tí mo mọ̀ débẹ̀."

Ìdáhùn kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. "Mo dùbúlẹ̀ ni o. Àwọn yòókù lọ. Motọ́, òkúta ṣáà ni. Ṣé òkúta ló wọ́n ní Ìkàrẹ́ wa?"

Motọ́lání ka èyí tán, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ títí báàlù ìrọ̀lẹ́ fi kọjá. Kò sunkún.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá inú ìjọ kóra jọ sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ ìròyìn Díákónì. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, àwòrán ń hàn lórí rẹ̀. Ọ̀gá fa ojú ìwé Motọ́lání yọ, ó sì ń kà á. Ó kà á dáadáa. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ènìyàn ń ké "Họ́wù!" nígbà tí wọ́n rí tábìlì aṣọ funfun náà. Motọ́lání àti Ìrètí jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, àwòrán òkúta náà jáde. Kì í ṣe ọ̀gá ló yà á; àmì ìwé ìròyìn kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ṣí ojú ìwé kejì, ó sì kà jáde pé, "Láti ọdún 2002 ni mo ti ń fẹ́ rí òkúta yìí. Olùkọ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì sí àwòrán rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Àwa mẹ́rin ni."

Ìrètí di apá ìyá rẹ̀ mú. "Mummy. Mummy, no be your own be that?"

Bàbá Akínfẹ́mi, olórin ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, nawọ́. "Díákónì, èmi kò ríran dáadáa láti ibí. Igun mélòó ló ní?"

Ọ̀gá yíjú wo ògiri, ó tún yíjú wo bébà. "Mẹ́jọ ni, sà."

"Méjìlá," ni Motọ́lání wí.

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ó ti dìde.

"Méjìlá ni. Ẹ kà á lórí ògiri yẹn. Èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ náà, èmi ni mo ṣe ìdánwò náà. Ohun tí wọ́n ń kà yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni òjò pa lọ́dún 2002, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Túnjí. Wọn kò rí òkúta náà. Wọ́n débẹ̀, wọ́n sùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè dá a dúró. Màmá Bọ́lánlé, alága ẹgbẹ́, ti ń fọwọ́ sọ pé kó jókòó. "Motọ́lání! Ẹni tó gbé ọ sórí àga! Ṣé ibí ló yẹ kó o ti sọ irú èyí? Kúnlẹ̀ kíá, kí o bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Mà, mo sọ ọ́ lọ́fíìsì. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé ní aago mọ́kànlá. Mo gbé bírò sí wọn lọ́wọ́."

"Mo ní kúnlẹ̀."

"N kò ní kúnlẹ̀, mà."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó ti rí wa fín. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Díákónì. Ìrètíolúwa, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ìjọ náà láti kékeré, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni Mọ́mì mi sọ. Ojú mi ló ṣe." Ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá ká bébà náà méjì, ó fi í sápò, kò wo ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ̀bi mi ni," ni ó wí fún gbọ̀ngàn náà. "Ẹni tí mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni." Wọ́n sì kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní kí Motọ́lání lọ sinmi nílé títí òun yóò fi pè é. Kò pè é. Jíbọ́lá kó ife tíì rẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ wá fún un nínú páálí. "Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn síbẹ̀, Àǹtí. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbo ni Dùbáì wà."

Láti yàrá Ìrètí ni Motọ́lání ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ó fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka gbogbo lẹ́tà wínníwínní kí ó tó fi ránṣẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní ó dùn wọ́n. Wọ́n ti yí orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí padà sí tirẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ́fíìsì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti lo ìrìn-àjò náà, àkọsílẹ̀ ọdún náà ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè ṣe ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrètí tẹ ìwé ẹ̀rí náà jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìjókòó kan ṣoṣo ni. Wọ́n ti lò ó. Motọ́lání kò rí Kúsíkò.